Bàbá Tó Ń Kí Mi Kú Ìnàjú

Ewé tíìkì kì í já jẹ́jẹ́. Ewé igi mìíràn lè já sí ọ lórí kí o má mọ̀, ṣùgbọ́n ti tíìkì fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, bí ó bá sì ti gbẹ, ariwo tó ń pa bọ̀ láti òkè dà bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ páálí lórí sìmẹ́ńtì. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀, níbi yòówù kí n wà, ọrùn mi á yí síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà kan wà láyé mi tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí gan-an nìyẹn: kí n jókòó sínú igbó ìjọba lẹ́yìn Ìlá, kí n máa retí pé kí ewé já. Mo kàwé o. Mo kàwé dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́njú lẹ́yìn wa lè má mọ bí nǹkan ṣe rí fún àwa tí a jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ láàárín àwọn ọdún 1990. Nígbà tí a ń wọlé, wọ́n ní olùkọ́ ò tó nílùú. Nígbà tí a jáde, wọ́n ní ìjọba ṣì dá gbígba olùkọ́ dúró ná. "Ná" yẹn pẹ́ ju gbogbo ọdún tí a fi kọ́ ẹ̀kọ́ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ Jọ́gíráfì ń wa ọ̀kadà láti Ìlá sí Ọ̀tan Ayégbajú, bí o bá sì gun ẹ̀yìn rẹ̀, á máa ṣàlàyé fún ọ bí òkè ṣe ń dá òjò dúró, títí òjò náà á fi pa ẹ̀yin méjèèjì. Òmíràn tó kẹ́kọ̀ọ́ Lárúbáwá ti padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó ń rán ṣòkòtò, bébà tí wọ́n fi kọ́ ọ níwèé ló sì fi ń gé àpẹẹrẹ ọrùn ẹ̀wù. Báyọ́lọ́jì ni èmi kọ́. Mo mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ló ń bọ́ mi.

Ìyà yẹn ì bá ṣeé fara dà bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin. Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́, orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, ó sì ti rí iṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan níbi tí ó ti ń nu imú àwọn ọmọdé láàárọ̀, tí ó sì ń kọ́ wọn lórin lọ́sàn-án. A ti gbà pé a ó fẹ́ra. Bàbá rẹ̀ ni kò gbà. Àgbẹ̀ pàtàkì ni bàbá náà, ó ní oko kòkó àti obì tó fẹ̀gbẹ́ kan igbó ìjọba. Kì í ṣe ìkà èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì béèrè pé kí n lówó. Ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Mi ò ní fa ọmọ mi lé ẹni tí ń jókòó lọ́wọ́." Ó ní òun ò ní gba àwọn ẹbí mi lálejò àfi tí òun bá fojú òun rí mi nídìí iṣẹ́. Ó sì fi kún un pé ará ìlú wa kan tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tó máa ń gbé mọ́tò wálé lásìkò ọdún, ti ń béèrè ọ̀nà ilé àwọn, àti pé bí ọdún bá dé tí nǹkan ò yí padà, òun á fi ọ̀nà náà hàn án. Ọdún ò jìnnà mọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé bí mo bá gbọ́ fèrè mọ́tò, n ó sá yọjú sí títì.

Bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe tirẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n kan dé láti yunifásítì. Obìnrin ni, ó ga, ó wọ bàtà rọ́bà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún, bí ó bá sì wò ọ́ láti òkè awò ojú rẹ̀, wàá rántí gbogbo ìdánwò tí o ti fìdí rẹmi nínú wọn. Ó ń wá ẹni tó mọ Báyọ́lọ́jì tí kò sì kọ̀ láti máa gbé ìtòsí igbó. Ìwádìí rẹ̀ dá lórí bí ewé igi tí ìjọba gbìn ṣe ń já, bí ó ṣe ń jẹrà, àti bí ilẹ̀ ṣe ń lò ó. Ó gbà mí. Ìyá mi wé gèlè, ó lọ káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọmọ òun ti bọ́ sí yunifásítì. Bí wọ́n bá béèrè kí ni mò ń ṣe níbẹ̀, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ìwádìí ni," bí ẹni tí wọ́n fi àṣírí ìjọba pamọ́ sí lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ béèrè síwájú mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà kí ó lè yé yín, nítorí pé kò yé ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ri igi mẹ́rin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lábẹ́ àwọn tíìkì, ó ta àwọ̀n sórí wọn, ẹnu àwọ̀n kọjú sókè. Ohunkóhun tó bá fúnra rẹ̀ já sínú wọn, ewé ni o, òdòdó ni o, èmi ni n ó kó o lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, n ó sá a, n ó wọ̀n ọ́n, n ó kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin kan ló wà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan sí i, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mú nǹkan kúrò. Àwọn obìnrin a máa wá já ewé tíìkì láti fi pọ́n nǹkan, ewúrẹ́ náà kì í mọ àwọ̀n ìwádìí yàtọ̀ sí ibùjẹ. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ yòókù, ẹ̀ṣọ́ ni mò ń ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàánú mi, ó ra àpótí kan fún mi kí n máa rí nǹkan jókòó lé. Àpótí yẹn ló kó bá mi.

Ọ̀nà oko bàbá ọmọbìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ igbó yẹn kọjá. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, inú mi dùn. Mo ní ó dára, yóò rí mi nídìí iṣẹ́ lónìí. Ó yọ, àdá lọ́wọ́, apẹ̀rẹ̀ kòkó léjìká. Ó dúró. Ó wo àwọ̀n, ó wo òkè igi, ó wo àpótí, ó wá wo èmi tí mo jókòó lé e. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tí Yorùbá ò ní bí wọ́n ṣe ń kí i. A ń kí onídìrí ní ojú gbooro, a ń kí aláró ní àrẹ̀dú, a ń kí àgbẹ̀ ní àroko bọ́dún dé. Ṣùgbọ́n kò sí baba ńlá wa kan tó ronú kan ẹni tó jókòó ti ewé tí kò tíì já. Bàbá wá a títí, kò rí i. Ó wá mú èyí tó súnmọ́ ọn jù lọ.

"O kú ìnàjú o," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣàwàdà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, tí òógùn bò ó, tí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kún, ó tún bá mi níbi tó fi mí sí, ó ní, "O kú ìgbatẹ́gùn." Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Kò gàn mí rí, kò bú mi rí, ìkíni lásán ni, a kì í sì í bá àgbà jà nítorí pé ó kí ni. Mo wá ọgbọ́n dá. Bí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, n ó fò dìde, n ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, n ó máa rìn láàárín àwọn àwọ̀n, n ó máa yọjú wo inú wọn bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò. Bàbá dúró, ó wò mí títí mo fi yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "O kú ìgbafẹ́." Lọ́jọ́ kejì mo mú àdá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro koríko tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó béèrè pé ṣé Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ní kí n ro ó. N kò lè purọ́ fún àgbà, mo ní rárá, sà. Ó ní, "Mo rò bẹ́ẹ̀." Nígbà tí mo ròyìn fún àfẹ́sọ́nà mi, ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ní, "Ọdún mà ń súnmọ́ o." Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu èmi náà.

Òjò wá dé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Tíìkì kì í sì í wọ́wé lásìkò òjò, ìgbà ọyẹ́ ni tirẹ̀. Àwọ̀n ṣófo. Ní ti Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, àwọ̀n tó ṣófo náà ìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń lọ jókòó nínú òjò, tí mo fi ọ̀rá bo orí, ó wù mí kí n rí nǹkan tọ́ka sí pé ohun tí mo ṣe rèé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo mí kanlẹ̀, mo sọ fún àfẹ́sọ́nà mi pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ní Sátidé, kò sì sí ewé gidi kan nínú àwọ̀n." Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sọ fún bàbá rẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò sì fi dé etí Bàbá, ó ti di pé bí àwọ̀n ọmọ yìí ò bá kún kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé, wọ́n á lé e lọ.

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa èyí, nítorí pé Òṣogbo ni mo lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Wọ́n ní ọ́fíìsì kan fẹ́ fọ̀rọ̀ wá àwọn olùkọ́ lẹ́nu wò, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti fún mi láyè. Àwa tí a dé ibẹ̀ pọ̀ débi pé a kún ọgbà, a sì ya sí títì. Ọ̀rẹ́ mi ọlọ́kadà wà níbẹ̀, aránṣọ wa náà wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. A dúró nínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan wá yọ orí lójú fèrèsé, ó ní kí a máa lọ ilé ná. Gbogbo wa gbọ́ "ná" yẹn, a wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Mo padà sí Ìlá pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, mo wọlé, mo sùn.

Ní Sátidé, èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ igbó. Láti òkèèrè ni mo ti rí i pé ayé ti bàjẹ́. Gbogbo àwọ̀n ló kún dẹ́nu. Wọ́n wú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kanlẹ̀, àwọn igi tó gbé wọn dúró ti tẹ̀ bí àgbà tó ru iṣu. Ọ̀jọ̀gbọ́n ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ó súnmọ́ àwọ̀n kan, ó tọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fa ewé kan jáde. Ewé kòkó ni. Ó tún fa òmíràn, ewé obì. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń fà, ó ń fà, ohun náà ò sì tán bọ̀rọ̀, nígbà tí yóò fi jáde, odindi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ó gbé e sókè láàárín àwa méjèèjì.

"Fi igi tíìkì tó wọ́ eléyìí hàn mí," ni ó wí.

Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni a gbọ́ ohùn èèyàn. Bàbá ló ń bọ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àgbẹ̀, wọ́n wọ dàńṣíkí àti fìlà bí ẹni ń lọ kí ọba. Ojú ọ̀kan nínú wọn ti wú, ó dà bíi pé agbọ́n ta á. Òmíràn fọwọ́ ti ìbàdí, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kòkó Bàbá sì rèé ní ìdí igi, níbi tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Wọ́n ti bẹ ọ̀wẹ̀ fún mi. Bí wọ́n ṣe ń péjọ ro oko ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe péjọ lánàá, wọ́n gbá ewé, wọ́n já ewé, nígbà tí ti inú igbó ò tó, wọ́n wọ oko Bàbá lọ kó tibẹ̀, wọ́n sì kó o kún àwọn àwọ̀n mi dẹ́nu.

Bàbá kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ kú ìrìn o. Ẹ wo iṣẹ́ tí ọmọ wa ṣe fún yín. Òun nìkan ló ṣa gbogbo rẹ̀. Mo fojú mi rí i." Àwọn yòókù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí agbọ́n ta tiẹ̀ fi kún un pé òun ò rí ọ̀dọ́ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí mi. "Ṣé ìwọ lo ṣa á?"

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá ní èmi ni, èrú ni mo ṣe, iṣẹ́ ti bọ́, aláìníṣẹ́ ò sì rí ìyàwó fẹ́ lọ́dọ̀ bàbá yẹn. Bí mo bá ní kì í ṣe èmi, mo ti sọ ọ́ di òpùrọ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ àti níwájú obìnrin, ta ló sì máa fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níyàwó? Mo wo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, mo rí mọ́tò ará Èkó nínú rẹ̀. Nígbà náà ni ohun tí ìyá mi fi kọ́ mi láti kékeré sọ sí mi lọ́kàn, pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo pa Ọ̀jọ̀gbọ́n tì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé tútù níwájú Bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi," mo ní, "ẹ kú iṣẹ́ àná. Mi ò mọ bí n ó ṣe dúpẹ́ ọ̀wẹ̀ tí ẹ bẹ̀ fún mi. Òṣogbo ni mo wà, n kò sì mọ̀ pé ẹ ń ṣe mí lóore báyìí. Ọlọ́run á fi ọ̀wẹ̀ tó jù báyìí lọ san án fún yín."

Èmi ò gbójú sókè, bàtà rọ́bà Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni mò ń rí. Bàtà náà dúró fúngbà díẹ̀, ó sì yí padà sọ́dọ̀ àwọn bàbá, mo sì rí i tí orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Ọmọ Yorùbá ṣáà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kò sí ibi tí òun ti ṣe ìwádìí rí tí àwọn àgbà ti bẹ ọ̀wẹ̀ fún òun. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra. Bàbá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé ewé náà tó. Ó wá rọra ṣàlàyé fún un pé ewé tó bá fúnra rẹ̀ já nìkan ni àwọn ń kà.

"Ẹ wá ń dúró dè é kó já?" Bàbá béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bó bá kọ̀ tí kò já ńkọ́?"

"A ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò já."

Bàbá wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré," ni ó wí. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ má rò pé mo lọ láìjìyà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní oṣù yẹn ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n kí n tú àwọn àwọ̀n palẹ̀, kí n ṣa ewé tíìkì sọ́tọ̀, kí n ṣa ti kòkó sọ́tọ̀, kí n kó èyí tí kì í ṣe ti igbó yẹn jáde láìku ẹyọ kan. Ó lọ. Àwọn ẹgbẹ́ Bàbá náà bá tiwọn lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa á, oòrùn là, èèrà ń jẹ mí, òógùn ń wọ̀ mí lójú. Nígbà tí mo gbójú sókè lọ́sàn-án, Bàbá ló jókòó lórí àpótí mi, ó fi fìlà fẹ́ ara. "Ẹ kú ìnàjú, Bàbá" dé ètè mi. Mo rántí pé wọn ò tíì fún mi níyàwó, mo gbé e mì.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ yìí. Mo ní kí n wo ọjọ́ tí òjò á dá ọ sílé. Kò dá ọ. Ọ̀lẹ kì í jáde nínú òjò." Mo tẹ orí ba, mo ń ṣa ewé lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó wo òkìtì ewé tí mo ti ṣà jọ.

"O kú iṣẹ́," ni ó wí. Ó tún rìn díẹ̀, ó ní kí àwọn ẹbí mi máa bọ̀.

Ojú mi gbóná, mi ò purọ́. Mo jókòó sáàárín ewé, mo sunkún bí ọmọ kékeré. Nígbà tí a sì ń ṣe ìdána, tí ẹbí ìyàwó béèrè pé iṣẹ́ wo gan-an ni ọkọ ń ṣe, Bàbá ò jẹ́ kí agbọ̀rọ̀sọ wa la ẹnu. Ó ní, "Iṣẹ́ ewé ni. Ẹ má béèrè mọ́, kò lè yé yín." Ará Èkó gbé mọ́tò rẹ̀ wálé lọ́dún yẹn, ó sì gbé e padà.

Iṣẹ́ olùkọ́ dé nígbà tó dé. Ìgbájọ ni wọ́n gbé mi lọ, mo sì kọ́ àwọn ọmọ ní Báyọ́lọ́jì títí irun mi fi funfun. Nígbà tí ara Bàbá ò gbé oko mọ́, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Àárọ̀ ló máa ń gbé àga rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé. Àwọn tó ń kọjá a máa kí i pé ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìnàjú, mo sì ń rí i bí ìkíni náà ṣe ń dùn ún, òun tí kò jókòó rí. Lọ́jọ́ kan mò ń lọ sílé ìwé, mo bá a tó gbójú sókè wo igi. Ewé kan já, ó tẹ̀ lé e lójú títí tó fi balẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

Ó wò mí títí. Ó tún àga rẹ̀ jókòó dáadáa, ó na ẹ̀yìn, bí ẹni tí ọ̀gá dé bá lẹ́nu iṣẹ́. "Ó ń lọ o," ni ó wí. "Máa lọ, èmi ń ṣọ́ ewé."

Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti lọ. Èmi náà ti fẹ̀yìntì, abẹ́ igi máńgòrò yẹn sì ni mo wà bí mo ṣe ń rántí gbogbo èyí. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá, wọ́n ń kí mi pé, "Ẹ kú ìnàjú, sà," mo sì ń dá wọn lóhùn. Ìyàwó mi, ọmọ Bàbá, nìkan ló mọ̀ dáadáa. Bí ó bá gbé omi wá fún mi, á gbé e sílẹ̀, á wo òkè igi díẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Inú mi a sì dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.